Woru, Ṣabi, Bio, Boni: Ohun tí Orúkọ Ọmọ ń Sọ nípa Àjogúnbá Ṣàbẹ ní Agbègbè Tchaourou

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní agbègbè Tchaourou, ní àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ilé tí à ń wò yìí ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ kan lè máa fi èdè Yorùbá kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì máa fi èdè Yorùbá kì í ní oríkì ilé baba rẹ̀, síbẹ̀ kó máa jẹ́ Chabi tàbí Worou. Ọmọ Yorùbá tó wá láti Ìbàdàn yóò gbọ́ orúkọ náà, yóò ní, "Bàrìbá ni èyí." Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ sínú ìwé ìjọba náà lè rò bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì lè ti ṣì í.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì pé ọmọ náà ti sọ Yorùbá nù. Ó wà lára ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí a ní nípa bí ìjọba Ṣàbẹ ṣe rí, nípa àwọn tó bá a gbé, àti nípa irú ìgbà tó ti kọjá níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ náà kà yóò yọ odidi ẹ̀ka kan kúrò lára igi Yorùbá láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùwádìí tí ẹ ń kó ìtàn ìdílé jọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Tchaourou wà lójú ọ̀nà ńlá tó ti Cotonou lọ sí Parakou, nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà sí gúúsù Parakou. Orúkọ ìlú náà ni ìjọba ìbílẹ̀ tó yí i ká ń jẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí wà ní ẹkùn Borgou, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó 7,256 kìlómítà níbùú lóròó. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ 223,138. Ní ìlà-oòrùn, ó bá ilẹ̀ Nàìjíríà pààlà. Yorùbá Ṣàbẹ ń gbé ibẹ̀, Bàrìbá ń gbé ibẹ̀, àwọn Fúlàní darandaran wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀yà mìíràn tó wá dá oko.

Bí ẹ bá gba gúúsù lọ láti Tchaourou, ẹ ó dé Kilibo àti Toui, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ouèssè, lẹ́yìn náà ẹ ó dé Savè fúnra rẹ̀, ìlú tí Oníṣàbẹ jókòó sí, lábẹ́ àwọn òkè àpáta tí ojú ń rí láti ọ̀nà jíjìn. Lójú àwọn ará ibẹ̀, ilẹ̀ kan ni gbogbo rẹ̀: ilẹ̀ Ṣàbẹ. Lórí ìwé ìjọba, ó ti di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Savè àti Ouèssè wà ní ẹkùn Collines, Tchaourou wà ní ẹkùn Borgou. Nítorí pé Borgou ni gbogbo ayé mọ̀ sí ilẹ̀ Bàrìbá, ó rọrùn kí ènìyàn gbàgbé pé Yorùbá wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tó ti pẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ ìlú tún dá kún un. Ní ẹnu ará Ṣàbẹ, ìró tí ìwé Yorùbá ń fi ṣ kọ máa ń dún bí ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ orílẹ̀-èdè Chad. Àwọn Faransé gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọ̀nà tiwọn: Tchabè. Àwọn onímọ̀ èdè kọ Cabe. Àwọn tó kọ ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì kọ Sabe tàbí Shabe. Ọ̀fíìsì ìjọba kọ Savè fún ìlú náà. Ẹni tó bá ń wá ìtàn Ṣàbẹ ní ilé ìkàwé gbọ́dọ̀ wá gbogbo wọn, nítorí pé ibì kan náà ni.

Ìtàn méjì tí Ṣàbẹ gbé dání

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, Oníṣàbẹ wà lára àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà méje tó kúrò ní Ifẹ̀ lọ tẹ ìlú dó. Johnson sọ bí wọ́n ṣe pín ogún. Adé kan Alákétu, aṣọ kan Olówu, owó kan ọba Bìní, àwọn aya kan Ọ̀ràngún Ìlá, ìlẹ̀kẹ̀ kan Olúpópó, ẹran ọ̀sìn sì kan Oníṣàbẹ. Ilẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù fún Ọ̀rànmíyàn. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn yìí, ìdílé Ifẹ̀ gan-an ni Ṣàbẹ, ẹgbẹ́ Kétu àti Ìlá ni.

Ìtàn kejì wá láti ààfin Ṣàbẹ fúnra rẹ̀. Ìran ọba ibẹ̀ ń pe Baba Gidai ní baba ńlá wọn, ìtàn rẹ̀ sì gba ọ̀nà Borgu wá, láàrin àwọn Bọ̀kọ́ àti Bàrìbá. Àwọn Yorùbá ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ìran yìí tó gba ìjọba. Biodun Adediran, tó kọ ìwé lórí àwọn ìjọba ààlà ìwọ̀-oòrùn Yorùbá ní 1994, àti Montserrat Palau-Martí, tó tẹ ìwé méjì jáde ní 1992 àti 1993 lórí àwọn ọba Ṣàbẹ àti lórí àwọn Ṣàbẹ etí odò Ọ̀pára, ti tú ìtàn wọ̀nyí wò dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ kí a mú ọ̀kan, kí a fi èkejì sílẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìran tó jọba ti ọ̀nà Borgu wá, àwọn ará ìlú ń sọ Yorùbá, ọba sì di Oníṣàbẹ tó ń sọ èdè àwọn tó ń jọba lé lórí. Èdè Yorùbá ló borí nínú ilé. Àmọ́ ohun kan wà tí èdè kò borí rẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ipò tó bí sí.

Bí orúkọ náà ṣe tò

Àwọn Bàrìbá, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Baatɔmbu, ń fún ọmọ ní orúkọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ti àwọn ọkùnrin tò báyìí:

Ọmọkùnrin àkọ́kọ́: Woru.
Ọmọkùnrin kejì: Ṣabi, tí àwọn kan ń pè ní Sabi.
Ọmọkùnrin kẹta: Bio.
Ọmọkùnrin kẹrin: Boni.
Ọmọkùnrin karùn-ún: Sanni.

Àwọn obìnrin ní tiwọn lọ́tọ̀. Yon, tí ìwé Faransé ń kọ ní Gnon, ni àkọ́kọ́. Bona ni èkejì. Bake ni ẹ̀kẹta. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ orúkọ, ẹ ti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ sì ti mọ ipò rẹ̀ láàrin àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin.

Àwọn Ṣàbẹ gba ètò yìí wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ilé Ṣàbẹ, Woru, Ṣabi, Biau àti Boni ti di orúkọ inú ilé bí Àjàyí ṣe jẹ́ orúkọ ilé ní Ọ̀yọ́. Ẹ kíyè sí Biau, tí ìwé Faransé ń kọ ní Biaou. Bio náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu Yorùbá ti yí i padà, a sì máa ń bá a ní Ṣàbẹ àti ní Ìdáṣà tó múlé gbè é. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yá lánàá kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ lẹ́nu ni ẹnu máa ń tún ṣe.

Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu pé Ṣàbẹ gba irú orúkọ yìí. Àwa náà ní èyí tó jọ ọ́. Táíwò àti Kẹ́hìndé ń sọ ipò tí ìbejì bí sí, Ìdòwú ń tẹ̀ lé wọn, Àlàbá sì ń tẹ̀ lé Ìdòwú. Àmútọ̀runwá là ń pè wọ́n, nítorí pé ọmọ ló gbé e wá. Òbí kò yàn án. Ohun tí a fi mọ sí ọ̀dọ̀ ìbejì àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni Bàrìbá fi kan gbogbo ọmọ. Ará Ṣàbẹ tó bá gba Woru kò gba èrò àjèjì. Ó na èrò tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ gùn sí i ni. Ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà mìíràn tún ni àwọn Fọ̀n ń gbà: ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni orúkọ ń sọ. Codjo ni ti ọjọ́ Ajé, Coffi ni ti ọjọ́ Ẹtì. Ní kíláàsì kan ṣoṣo ní Parakou, olùkọ́ lè pe Codjo, kó pe Worou, kó pe Táyé, kí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ àmútọ̀runwá, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀.

Bákan náà, orúkọ ipò kì í dá gbé. Ọmọ tó ń jẹ́ Ṣabi lè ní orúkọ Yorùbá tí òbí sọ ọ́, ó lè ní oríkì, ó lè ní orúkọ mùsùlùmí tàbí ti ìjọ. Àwọn Bàrìbá fúnra wọn ń fi orúkọ lé orúkọ. Ní ọdún Gaani ní Nikki, níbi tí Sina Boko, ọba wọn, ti ń gba ìkíni àwọn ẹlẹ́ṣin, obìnrin kan wà tó ní oyè Gnon Kogui. Òun ló ń fá orí àwọn ọmọ ọba, lẹ́yìn èyí ni wọ́n sì ń gba orúkọ ọmọ ọba. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ tuntun yìí ni ayé yóò fi mọ̀ wọ́n.

Ibi tí ìwé ti da orúkọ rú

Ní ayé àtijọ́, orúkọ ipò bá olúwa rẹ̀ wá, ó sì bá a lọ. Ọmọ Ṣabi kì í jẹ́ Ṣabi nítorí baba rẹ̀. Bí òun bá jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin, Woru ni. Ìwé ìjọba ló yí èyí padà. Ètò ìforúkọsílẹ̀ tí Faransé gbé wá fẹ́ orúkọ ìdílé kan tí yóò máa ti ọ̀dọ̀ baba bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi òfin ìdílé lọ́lẹ̀ ní 2004, ohun tí òfin náà sọ nígbà náà ni pé orúkọ baba ni ọmọ tí wọ́n bí sínú ìgbéyàwó yóò máa jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan wà, ọmọkùnrin kejì ni, Ṣabi ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó dé ọ̀fíìsì, akọ̀wé bi í ní orúkọ, ó ní Ṣabi, akọ̀wé kọ Chabi. Ó bí ọmọkùnrin àkọ́kọ́, nílé Woru ni, lórí ìwé Chabi Worou. Woru náà wá bí ọmọbìnrin. Lórí ìwé, Chabi Rachidatou ni. Ọmọbìnrin ni, àkọ́bí ni, àmọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ ń sọ pé ọmọkùnrin kejì ni òun. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi í léèrè mọ́. Chabi ti di orúkọ ìdílé lásán, bí ẹni pé kò ní ìtumọ̀ rí.

Ẹ gba àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Thomas Boni Yayi, ẹni tí wọ́n bí ní Tchaourou, ni ààrẹ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láti 2006 di 2016. Àwọn ìwé ìròyìn kan ń kọ Boni Yayi, àwọn mìíràn ń kọ Yayi Boni. Ẹni tó bá mọ ètò orúkọ yóò rí i pé Boni ni orúkọ ọmọkùnrin kẹrin. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sáré sọ pé ọmọkùnrin kẹrin ni ààrẹ náà jẹ́. Láti ìgbà tí ìwé ti dé, Boni lè jẹ́ ipò ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ó sì lè jẹ́ ti baba tàbí ti baba ńlá rẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó mọ ilé náà ni yóò sọ.

Àṣìṣe mìíràn wà lára Sanni. Ní ètò Bàrìbá, ọmọkùnrin karùn-ún ni. Ṣùgbọ́n àwọn mùsùlùmí Haúsá ní Sani, tó wá láti inú èdè Lárúbáwá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ "ìkejì". Ní Tchaourou, níbi tí Bàrìbá, mùsùlùmí àti oníṣòwò láti ọ̀nà jíjìn ti pàdé, Sanni méjì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ karùn-ún, kí èkejì jẹ́ ìkejì. Lórí ìwé, wọn kò yàtọ̀.

Ààlà tó gba àárín orúkọ kọjá

Orúkọ wọ̀nyí kò dúró sí Bẹ̀nẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1898, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó pín Borgu sí méjì. Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1889, wọ́n ti kọ́kọ́ fa ààlà sí gúúsù, èyí tó ya Kétu àti Ṣàbẹ kúrò lára àwọn Yorùbá tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, àwọn Bàrìbá tó wà ní Ọ̀kúta, Ilesha Baruba, Gwanara àti Yashikera ní Ìpínlẹ̀ Kwara ń jẹ́ Woru, Sabi, Bio àti Boni, àmọ́ ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ìdílé tó fẹ́ra wọn kọjá ààlà lè ní Sabi ní apá kan, kó ní Chabi ní apá kejì. Olùwádìí tó bá ń wá Chabi nìkan yóò pàdánù ìdajì.

Ìbáṣepọ̀ Yorùbá àti Borgu náà ti pẹ́ ju ààlà lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1836, nígbà tí Aláàfin Olúewu fẹ́ gbógun ti Ìlọrin, àwọn ọmọ ogun Borgu ló wá ràn án lọ́wọ́. Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ni àwọn Yorùbá ń pe ìjà náà. Ibẹ̀ ni ọba Nikki àti Aláàfin ti ṣubú. Bí a bá rántí èyí, a ó rí i pé kò sí ohun àjèjì nínú kí ọmọ Yorùbá máa jẹ́ Woru. Aládùúgbò tí a jọ jagun, tí a jọ ń gbéyàwó, tí ìran rẹ̀ sì jọba lórí wa, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ilé wa ni.

Ní ọjà ibẹ̀ pàápàá, a ó rí i bí nǹkan ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Obìnrin Fúlàní ń ta wàgàsì, wàrà tí wọ́n fi ewé bọmubọmu mú kó dì, tí wọ́n sì fi pòròpòrò ọkà bàbà pa láró pupa. Iṣu ni oúnjẹ ilẹ̀ náà. Èyí tó jẹ́ làbókò ni wọ́n fi ń gún iyán, èyí tó jẹ́ kókórò ni wọ́n ń sá di gbodo fún àmàlà. Ará Ṣàbẹ kì í bèèrè pé ẹ̀yà wo ló ni àwo oúnjẹ kó tó jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ.

Bí a ṣe lè ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ kó má baà ṣègbé

Àwọn tó mọ ìdí orúkọ ń dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ka orúkọ ara wọn bí orúkọ ìdílé lásán. Láti ọdún 2017, nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò RAVIP láti kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé olúwa rẹ̀ kiri. Bí ẹ bá ń kó ìtàn ìdílé jọ ní Tchaourou, Kilibo, Savè tàbí láàrin àwọn ọmọ Ṣàbẹ tó wà ní ìdálẹ̀, ẹ bá wa bèèrè àwọn ohun wọ̀nyí.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ènìyàn nínú ilé, kí ẹ tó bèèrè èyí tó wà lórí ìwé. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan tún èkejì ṣe.

Ẹ bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ìdílé náà. Ta ni Ṣabi tí gbogbo wọn ń jẹ́ Chabi nítorí rẹ̀? Ọmọ kejì ta ni?

Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ ní ilé náà. Ṣé ọmọ ìyá kan ni wọ́n ń kà, àbí gbogbo ọmọ baba? Ṣé ọmọ tó kú ní kékeré wà nínú kíkà? Bí ẹ kò bá mọ èyí, iye tí orúkọ ń sọ lè ṣì yín lọ́nà.

Ẹ bèèrè oríkì. Orúkọ ipò lè jẹ́ ti Borgu, kí oríkì ilé náà sì mú wọn lọ sí ìlú Yorùbá kan. Oríkì àti orúkọ jọ ń jẹ́rìí ni, wọn kì í bá ara wọn jà. Ìgbà tí a bá gbọ́ ẹ̀rí àwọn méjèèjì ni ìtàn ilé tó pé.

Ẹ kọ ìró bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Bí àgbà bá sọ Biau, ẹ má ṣe kọ Bio nítorí pé ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni yóò sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé ẹnu Yorùbá ti gbé orúkọ náà jẹ fún ìgbà pípẹ́.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan pín ènìyàn sí ẹ̀yà. Bí ọmọ Tchaourou kan bá sọ fún yín pé Worou ni òun, tó sì fi èdè Ṣàbẹ kí yín, ẹ dá a lóhùn bí ọmọ ìyá, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè tó yẹ: "Woru ti ilé ta ni?" Ìdáhùn rẹ̀ ló lè mú yín dé ibi tí ìwé kò dé.